Ẹni Tó Ń Jẹ Gáàsì Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé ara tù yín níbẹ̀? Ara ò tù mí níbí ní Ìjàyè.

Ṣé ẹ rántí kòtò omi ẹ̀gẹ́ tó ń rùn lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tí ẹ máa ń fi fìlà bo imú bí ẹ bá ń kọjá? Àwọn onímọ̀ kan láti ìgboro gbé táǹkì kan síbẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tójú ò lè rí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi náà. Bí a bá fi iná sólà díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á mú gáàsì tí a lè fi dáná jáde. Èmi ni wọ́n fi ṣe alámòójútó. Lákọ̀ọ́kọ́, gáàsì kún àpò rọ́bà rẹ̀ bámúbámú. Nígbà tó yá, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Àbúrò yín, Àǹtí Ràfátù, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan gàrí, wo àpò, wọ́n wò mí.

"Ta lò ń tà á fún?"

Ẹ̀rín ni mo fi gbà á. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, àwọn tó ń yan gàrí á kẹ́yìn sí mi. Èmi náà wá ń fura sí wọn. Ṣé kì í ṣe Àǹtí fúnra wọn ló ń tú ẹnu rọ́bà? Mo ń wá ipasẹ̀ wọn nílẹ̀ yí táǹkì ká.

Mo ránṣẹ́ sí obìnrin kan lára àwọn onímọ̀ tó gbé táǹkì wá. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ gáàsì wò, ó ní ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan. Kòkòrò mìíràn ló ti pọ̀ nínú táǹkì, tó ń jẹ gáàsì tí àwọn tiwa ń mú jáde, tó sì ń sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tí kò kún àpò. A fa omi rẹ̀ gbẹ, a ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Atẹ́gùn máa ń pa àwọn tó ń jẹ gáàsì yẹn, tiwa sì lè fara dà á fúngbà díẹ̀. A wá bu omi ẹ̀gẹ́ tuntun sí i. A kì í jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń jẹ gáàsì má baà tún ráyè bí sí i.

Àpò ti kún padà. Mo pe Àǹtí kí wọ́n wá wò ó, mo sì sọ ohun tí obìnrin náà rí fún wọn. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì padà sídìí gàrí wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ilẹ̀kùn ọgbà tó yí táǹkì ká. Àǹtí ló ń ṣí i fún mi láàárọ̀, wọ́n á sì jókòó tì mí títí n ó fi parí iṣẹ́.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ bí mi, bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀gbẹ́ ta ni ẹ ó jókòó sí?

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí kò jalè, tí àárò yín ń sọ.