Fùkù Ẹlẹ́gùúsí Tí Màmá Ń Rà Lọ́wọ́ Ṣítù

                                        Ilé Aróyèhún,
                                        Lọ́nà Àkànrán,
                                        Ìbàdàn.
                                        10 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Mikail, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi gidi,

Asalamu alaekum o. Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Oorun ńkọ́, ṣé àwọn ọ̀gá yín ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ rẹ tó wú níjọ́sí nígbà tí ẹ ń sáré òwúrọ̀, ṣé ó ti fà? Òtútù Sáríà ò tíì gé ọ létí? Gbogbo ilé ń kí ọ. Màmá wà, Kifayah ẹ̀gbọ́n rẹ wà, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn báyìí, kò sí nǹkan tó wà lórí tábìlì tí kò tíì já bọ́. Èmi náà wà bí o ṣe mọ̀ mí, mo dúdú, mò ń dán, àwọn ọmọge ò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ sójà, mo lọ ra bírò. Ẹni tó sá kúrò ní ilé ìwé kó tó pé kíláàsì kẹta ló ń kọ lẹ́tà gígùn yìí o. Kí àwọn tó kàwé jáde wá wò ó.

Má bínú, mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ dá ọ dúró lónìí. Nítorí Màmá ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹran tó lè kó àrùn sí wọn lára ni wọ́n ń rà, òun ni wọ́n ń sè fún ọmọ Kifayah. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí, wọn ò gbọ́. Ìwọ tí wọ́n bí nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tìrẹ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

O mọ ọ̀gá mi, Ṣítù alápatà. Mi ò ní pè é ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí o, ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, kó lọ bá a nílé. O mọ̀ pé ìparí ọdún yìí ló yẹ kó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi. Mikail, láti Àkànrán dé Ẹgbẹ́dá, kò sẹ́ni tó mọ ẹran gé tó mi. Tí mo bá bó màálù, awọ rẹ̀ á jáde bí ìgbà téèyàn bọ́ agbádá. Ṣítù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ gbogbo fi wà lọ́rùn mi, tí òun kàn ń jókòó, tó ń ka owó, tó ń dánnu.

O rántí fùkù ẹlẹ́gùúsí? Nígbà mìíràn tí a bá la màálù, fùkù rẹ̀ kì í dán, kókó funfun wínníwínní á kún inú rẹ̀ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àrùn ni. Ikọ́ fée ló ń ṣe màálù yẹn kí a tó pa á. Dókítà ẹran kan tó yà sọ́dọ̀ wa nígbà kan là á yé wa, ó ní ká sun ún, ká má tà á, pé ikọ́ yẹn ń ran èèyàn, pé ẹni tó bá mu wàrà irú màálù bẹ́ẹ̀ láìsè é, òun náà lè kó o. Ṣítù dọ̀bálẹ̀ fún dókítà gbalaja. "Ẹ ṣé o, sà. Ọlọ́run á bù kún yín, sà." Bí dókítà ṣe yíjú báyìí, ó gbé fùkù padà sórí tábìlì.

Tí oníbàárà bá bi í pé kí ni funfun yìí, á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gúsí ni, ìyá! Màálù tó jẹun yó ló ń ní in. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gúsí rírà." Á gé díẹ̀ níbẹ̀ ní tútù, á jù ú sẹ́nu, á máa rún un lójú gbogbo ayé, á máa fọwọ́ gbá àyà. Àwọn obìnrin á ní, "Tó bá burú, ṣé òun fúnra rẹ̀ á jẹ ẹ́?" Wọ́n á sì yọ owó. Ọgbọ́n wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ń lọ ṣe lẹ́yìn ògiri tó bá tà tán. Èmi mọ̀. Ó ń lọ tu ú dànù ni.

Ẹni kejì tó tún wá ba nǹkan jẹ́ ni Olúmúyìwá, ayálégbé tó gba yàrá iwájú nílé wa, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìgboro. Ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́, òun ò mu wàrà mọ́, òun ò fẹnu kan ẹyin. Ó ní màálù ní ìyá tirẹ̀ náà, ta ló fún wa láṣẹ láti dú u lọ́rùn. Ó ní ẹran ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹran ló ń fa jẹjẹrẹ, wàrà ń ba ìfun jẹ́. Omi sóyà ló ń mu láàárọ̀, omi kan báyìí tó dà bí èyí tí wọ́n fi fọ àwo. Lọ́jọ́ kan tí Màmá ń dín wàrà, èyí tí ìyá Fúlàní ti sè tó hó dáadáa, ọkùnrin yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, májèlé lẹ ń dín yẹn o."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Múyìwá, wo ọrùn ẹ bí ọrùn lékeléke. Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní oúnjẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àmọ́ wo ohun tí òmùgọ̀ yẹn dá sílẹ̀ fún mi. Ṣítù ní kò sí ẹran tó burú. Múyìwá ní kò sí ẹran tó dára. Àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń wo ẹran nínú wọn. Èmi tí mò ń là á, tí mò ń fojú ara mi rí inú rẹ̀, tí mo bá ní, "Màmá, ẹ má ra èyí," wọ́n á ní èmi náà ti ń bá Múyìwá mu omi sóyà.

Ó wá di ọjọ́ ọjà kan. Màálù tí Ṣítù rà wá, egungun ló kù lára rẹ̀, ó ń wúkọ́ bí arúgbó. Nígbà tí mo la inú rẹ̀, Mikail, ẹ̀gúsí tó wà níbẹ̀ tó se ọbẹ̀ ìgbéyàwó. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí ò ṣeé tà o." Ó ní, "Ta ló bi ọ́? Gbé e sórí tábìlì." Mo gbé e síbẹ̀. Àwọn oníbàárà dé, Màmá wà níwájú pẹ̀lú abọ́ wọn. Màmá gan-an ló nàka sí funfun náà. Ìgbà gbogbo ni Ṣítù máa ń jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ èyí le ju èyí tó lè fi sẹ́nu lọ. Ó kọjú sí mi.

"Najeem, jẹ níbẹ̀ kí wọ́n rí ọ. Ṣebí o fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù? Báyìí la ṣe ń ṣe alápatà."

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé e, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni mo gé. Zubaidah, ìyàwó Ṣítù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá gba ẹran ọbẹ̀ ilé wọn ni. Mo gbé fùkù yẹn, mo rọra fi sínú abọ́ rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọ̀gá ní èyí ló dára jù lónìí. Ẹ fi se ọbẹ̀ wọn, kí ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀."

Ṣítù fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta. "Dà á nù! Zubaidah, má gbé ìyẹn wọlé mi!"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ, ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé mọ́. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣítù, ilé tìẹ ni kò gbọdọ̀ wọ̀. Ilé tèmi ńkọ́?"

Ariwo ta. Àwọn tó ti rà á bẹ̀rẹ̀ sí dà á padà sórí tábìlì, wọ́n ń béèrè owó wọn. Ṣítù nawọ́ sí mi, ó ní kí n kúrò níwájú òun, pé kò sí fírídọ́ọ̀mù kankan fún mi láéláé. Mo bọ́ aṣọ ẹran ọrùn mi, mo fi kọ́ ọ léjìká. "Ẹ fi nu ẹnu, ọ̀gá." Mo bá tèmi lọ. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ alápatà kan lọ́nà Alákíà ni mo ti ń gé ẹran. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀gá kékeré. Fùkù tó bá ní kókó, iná là ń jù ú sí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí Ṣítù ṣe já owó ẹran rẹ̀ wálẹ̀ ní ọjà tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo wọn tún ń rọ́ lọ síbẹ̀ bí eṣinṣin. Àwọn tó pariwo jù ló kọ́kọ́ dé. Mo ṣí ìkòkò Màmá nírọ̀lẹ́, mo rí fùkù yẹn níbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde?"

Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Iná ń pa gbogbo nǹkan, mo sè é tó jinná. Najeem, ìwọ ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ. Fùkù ni ọwọ́ tèmi tó. Ṣé kí n gbé ọbẹ̀ lásán síwájú ọmọ ni?"

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gé e, pé ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi gé ọsàn fún ọmọ, mo rí wọn. Wọ́n ti kọjú sí iná. Kifayah ń lọ tajà láti àárọ̀ dé alẹ́, ní tirẹ̀, kí ọmọ ṣáà ti yó. Mo ra ẹja ṣáwá wálé, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún lọ ra fùkù.

Ohun tí wọ́n wá sọ fún mi gbẹ̀yìn ni pé, tí Mikail bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé káwọn má rà á mọ́, àwọn ò ní rà á. Mo rò ó pé kí n jókòó kí n kọ ọ́ fúnra mi, kí n kà á fún wọn pé ìwọ lo kọ ọ́. Ṣebí èmi náà ni mo máa ń ka lẹ́tà rẹ fún wọn, o sì mọ̀ pé mo mọ irọ́ pa. Àmọ́ irọ́ ni Ṣítù fi ń tà á fún wọn. Mi ò fẹ́ fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Kọ ọ́ fúnra rẹ, kí o fi nǹkan kan síbẹ̀ tí ìwọ àti Màmá nìkan mọ̀, kí wọ́n lè gbà pé kì í ṣe ọgbọ́n mi. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ ẹran mọ́ o, má ṣe bíi Múyìwá. Sọ pé lọ́jọ́ tówó bá kéré, ẹ̀wà wà, ẹja wà, kò sẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń sáré fún mi, pàápàá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń hanrun yẹn. Àwọn ará ilé ní ká máa retí rẹ.

Àná ni Zubaidah gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ wa lọ́nà Alákíà. Ìyàwó alápatà, Mikail, ó wá ra ẹran! Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ọkọ òun ló rán òun. Mo gé ibi tó dára fún un, mo sì sọ fún ọ. Ẹni tó ń ta fùkù yẹn ò jẹ́ kó wọ ilé rẹ̀. Ìyá tó bí ọ ló ń sè é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Tètè kọ̀wé.

                                        Ọmọ ilé yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sùn,
                                        Najeem.