Kẹ́tù Ìyá Rẹ Wà Nínú Àpò Náà

Kaothar ọmọ mi, Àjíkẹ́,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé wọn ò tíì lé yín nílé iṣẹ́ rọ́bà tí ẹ wà n'Ìkẹjà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n lé yín. Èmi baba rẹ wà, mo ń jí, mo ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́. Òjò ò mọ ìgbà mọ́, ó rọ̀ nígbà tí a ò fẹ́, nígbà tí àgbàdo wá ń fẹ́ omi, ó lọ.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní nítorí Sáàpù tí ìjọba gbé dé, èròjà tó ń ti òkè òkun wá ti wọ́n bí ojú, àgbàrá sì tún ya wọ ilé iṣẹ́ yín nítorí rọ́bà tó dí gọ́tà, ni ọ̀gá yín bá ní kí ẹ máa ra rọ́bà fífọ́ káàkiri Agége, kí ẹ máa yọ́ ọ fi ṣe tuntun. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí Dàwódù alágbẹ̀dẹ ń ṣe fún wa náà nìyẹn: o gbé ọkọ́ tó ti jẹ tán lọ bá a, á fi irin rẹ̀ rọ tuntun, o sì gbé tìrẹ padà sílé.

Ni mo bá kéde ní mọ́sáláṣí, gbogbo abúlé kó rọ́bà fífọ́ tiwọn wá, mo sì kó wọn sínú àpò kan. Shuaib tó ń fi lọ́rì kó màlúù lọ sí Oko Ọba ló bá wa gbé àpò náà, bí o bá rí ìgbẹ́ màlúù lára rẹ̀, jọ̀wọ́ fọ̀ ọ́. Mo so òwú mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà pààrọ̀ wọn. Ife tó ní òwú dúdú ni ti Ojúọlápé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀. Abọ́ ni ti Nùréènì, ṣùgbọ́n ó ní àga ló wu òun. Mo ní kó má yọ wọ́n lẹ́nu, kò gbọ́.

Kẹ́tù tó ní òwú funfun, ti ìyá rẹ ni, èyí tó fi ń ṣe àlùwàlá títí tó fi kú. Ìdí rẹ̀ ti ya. Bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n yọ́ ọ lọ́tọ̀, kí wọ́n má da ti ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Bí iná ibẹ̀ bá pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù, torí kẹ́tù kékeré ni.

Ní ti owó, mi ò ní parọ́ pé mi ò nílò rẹ̀, ajílẹ̀ ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n má fi rán Shuaib lóṣù yìí. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá, òun àti kẹ́tù náà. Iléyá tó kọjá o ò wá, èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà o ò wá. Àárò rẹ ń sọ mí, Àjíkẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, á gbé ọ délé ire.

Láràárọ̀ kí n tó kírun, kẹ́tù méjì ni mo máa ń bu omi sí, tèmi àti ti ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé tirẹ̀ á jò tán, mo kàn ń bu ú ni. Láti ìgbà tí Shuaib ti gbé e lọ, bí mo bá ti bu tèmi tán, ńṣe ni mo máa ń dúró ti ìkòkò omi níbẹ̀, igbá lọ́wọ́ mi.

Èmi ni baba rẹ,
Àlàmú