Ẹnì Kan Tó Jáde Nínú Méje

Abà Olókè, lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 1988.

Ìdírísù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Okokomaiko, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà lálàáfíà níbí, ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú ti fà, ewúrẹ́ dúdú sì ti bímọ. Títì Àgbádárìgì tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ kò ní mu ẹ̀jẹ̀ rẹ, ojú kò sì ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àmín.

Ìdírísù, o ti dé orí rédíò. Má rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà pé o ti ríṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, mo rántí akọ̀wé ìjọba tó máa ń gun alùpùpù wá lóṣooṣù láti bi wá pé ọmọ wa mélòó ló ń ṣiṣẹ́. O mọ̀ pé n kì í ka ọmọ, bàbá mi kò kà wá rí, nítorí náà mo máa ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn, yóò sì fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ tọ̀ ọ́ lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo ṣí fìlà, mo ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Mo ní kí ó tún un kọ kí ó lè hàn dáadáa.

Ní ìparí oṣù, rédíò ní àwọn tí kò níṣẹ́ ní Nàìjíríà ti dín kù, pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀, mẹ́fà ló kù báyìí. Mo fò dìde lórí àga. Ẹnì kan ló jáde, ìwọ sì ni. Tíṣà Májẹ́kódùnmí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò sọ pé ilẹ̀ Nàìjíríà tóbi, pé kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wí. Mo ní kí ó dárúkọ ẹni tó jáde náà bí kì í bá ṣe ìwọ. Rédíò náà kò dárúkọ rẹ, wọ́n ṣe é dáadáa, ọ̀tá pọ̀.

Sàlámì, bàbá Àsíátù, wá gba àdá rẹ̀ lọ́wọ́ mi lásìkò náà gan-an. O mọ gbogbo ohun tó ti sọ sí mi, pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń rìn kiri Ọ̀jọ́ àti Ìbà láìníṣẹ́. Ó ní kí n yí rédíò náà sókè. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó ní kí a máa múra ìdáná. Lọ́jọ́ náà mo rìn gba iwájú ilé gbogbo ènìyàn kọjá, títí kan ilé àwọn tí n kò ní nǹkan kan bá ṣe.

Àmọ́ Sàlámì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní òun yóò tún gbọ́ rédíò ní ìparí oṣù yìí, bí ó bá ti padà di méje, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Nítorí náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọ̀gá rẹ tí o ní ó máa ń jágbe mọ́ ọ yẹn, bó bá ti jágbe, dọ̀bálẹ̀. Má fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìṣirò Nàìjíríà ni wàá dà rú.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Yésúfù awakọ̀ ní Ìyànà Ìbà, kí n fi ra bátìrì rédíò mẹ́rin. N kò sọ èyí fún ọ rí. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń pa rédíò bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ iye àwọn tí kò níṣẹ́, màá wí pé bátìrì ló kú, nítorí mo mọ̀ pé o wà nínú wọn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n kà ọ́ létí ìyá rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti jáde, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tan rédíò bóyá wọ́n á tún un sọ, bátìrì náà sì ti wá kú lóòótọ́. Ìyá rẹ ò gbà mí gbọ́.

Ọlọ́run tó yọ ọ́ kúrò nínú méje kò ní dá ọ padà síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí Àsánì.