Bọ̀ọ̀dá Ràímì Ò Ya Wèrè

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrójú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àyà mi kan ilẹ̀ lónìí, n ò fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Àǹtí Ṣadé, mo kí Tíṣà tó ń kà á fún yín. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè. Gbangba ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ya wèrè l'Ékòó, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé èsì rẹ̀ lọ fún oníwèé ìròyìn. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹrọ̀fọ̀ Bọ́ládé l'Óṣòdì, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò, ti gba sálúbàtà mi ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti dé ìgboro, wọ́n sì fi kún owó oṣù Bọ̀ọ̀dá níléeṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀. Bọ̀ọ̀dá ra rédíò ńlá.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń kíni. Tí wọ́n bá kí yín, wọ́n á kí ọmọ yín, wọ́n á kí ewúrẹ́ yín. Àfi bí ìkíni ṣe tán lẹ́nu wọn. Ẹ kú àárọ̀, wọ́n á ní hùn. Láńlọ́ọ̀dù ní olówó ti gbàgbé wa. Èmi náà rò pé ìgbéraga ni. Bọ̀ọ̀dá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá wọn sì ti kọ ìwé ìkìlọ̀ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nídìí ẹ̀rọ omi, mo ń sín àwọn ará ilé jẹ. Wọ́n ní kí n ṣe Bọ̀ọ̀dá. Mo jókòó lórí bákẹ́ẹ̀tì, mo mú bàtà kan dání bíi tiwọn láràárọ̀, mo ń wò ó bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi bàtà ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù. Ìyá Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá kejì sí wa, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé Bọ̀ọ̀dá ń sùn? Ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé wọ́n ti sọ pé ayé sú wọn? Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún mi pé tí àwọn ò bá jí lọ́jọ́ kan, kí n mú rédíò. Mo sì dúpẹ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn ni. Ọkùnrin á máa dákẹ́, á máa kanra, wọ́n á ní akọ ni.

Bọ̀ọ̀dá kọ̀, wọn ò lọ sọ́sípítù. Ni mo bá ká jọ bí ìgbín, mo ní inú ń run mí. Àwọn ló gbé mi lọ, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ọkùnrin ni àwọn, kò sóhun tó ṣe àwọn. Mo dìde nílẹ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo tún sín wọn jẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé bí àwọn ṣe rí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n sunkún.

Dókítà fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n máa wá bá òun sọ̀rọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kò yá kíákíá, ṣùgbọ́n wọn ò fi í sílẹ̀. Ní báyìí, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ti mú ẹlẹgbẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́, tí kì í jẹun mọ́, lọ síbẹ̀. Màámi, mo ń fi wọ́n yangàn ní gbogbo Òṣòdì.

Ẹ ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀ wá mú Bọ̀ọ̀dá lọ sílé. Ẹ wá kí wa o, ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn kúrò nídìí oògùn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n kí láńlọ́ọ̀dù títí bọ́ọ̀sì fi fi í sílẹ̀. Mo wá béèrè rédíò wò. Wọ́n ní kí n lọ ṣiṣẹ́ ra tèmi, àwọn ṣì máa lò ó pẹ́.

Mo tún dúpẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àti àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùká