Bọ̀dá Fágọ́ọ̀sì, Ọkọ Ganiat

Bọ̀dá Fágọ́ọ̀sì, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ikú ò mọ olórin, kò mọ olóṣèlú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ méjèèjì, ó mú yín lọ ní Sìkọ́tílándì, àwa ẹbí ìyàwó yín ní Sharjah ò sì gbọ́ títí wọ́n fi sin yín tán.

Ẹ wá wo Ọlọ́ládé, ọmọ yín! Ọmọ tí kò tíì rìn nígbà tí ẹ lọ ti wọ iléèwé. Irun rẹ̀ pọ́n bíi tiyín. Bí Ganiat bá ń bá a wí, á fèdè Lárúbáwá ní, "Khalas, mọ́mì, ó tó!" Ó ń béèrè yín. Kí la fẹ́ sọ fún un?

Ganiat ṣì ń ra ọjà ní Deira, ní Dubai, ó ṣì ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ti kúrò ní Hor Al Anz, Abu Shagara lọ́dọ̀ wa ní Sharjah ló ń gbé báyìí. Ọjà ń tà, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń tà á ò sí níbẹ̀. Oúnjẹ á jóná lójú rẹ̀, kò ní mọ̀.

Ta ni kò mọ̀ yín nígbà náà! Òyìnbó onírun gígùn tó ń ta gìtá ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Bur Dubai, tó ń kọrin rọ́ọ̀kì bí ẹni tí olè wọlé rẹ̀. Nígbà tí ẹ ní Ganiat lẹ fẹ́, bàbá wa ní láéláé. Ẹ gba Ìsìláàmù, wọ́n sọ yín ní Abdulsalam, wọ́n so yìgì. Bàbá yìí kan náà ló wá ń fi yín yangàn kiri.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń bọ́ ìlú yín kógbá sílé, ẹ padà lọ gbẹnu sọ fáwọn èèyàn yín. Lọ́dún 1995, wọ́n dìbò yàn yín ní káńsẹ́lọ̀. Háà! Ariwo ta ní Deira! Kàfáyàt ọ̀rẹ́ Ganiat ní, "Madam Ọnọ́rébù! O ò lè lọ bá ọkọ ẹ bí ẹni ń lọ sọ́jà o." Ni Ganiat bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra góòlù, ó ń ra léèsì, ó ń ra àwo tí yóò fi gbàlejò. Oṣù ń gun orí oṣù.

Ẹ ń fóònù. Ẹ ní kó máa bọ̀ kíákíá, pé yàrá méjì lẹ ń gbé, pé ọ̀rọ̀ pàǹtí tí wọn ò kó àti òrùlé tó ń jò lẹ ń bá kiri. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe ọkọ òun. Níbi tí a ti wá, Ọnọ́rébù wo ló ń gbé yàrá méjì? "Ó ku díẹ̀, habibi, olólùfẹ́ mi," ló máa ń sọ. Àfi bí ọkàn yín ṣe dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn ilé ìyá arúgbó kan tí ẹ lọ wo òrùlé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Kéní tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ olórin yín lọ sílé ní Sìkọ́tílándì, ó béèrè yín ládùúgbò yín. Nígbà tó padà dé, kò lè wojú Ganiat. Ó ní wọ́n sin yín bí àpọ́n. Òbí yín ti kú, ẹ ò lọ́mọ ìyá. Kò sẹ́ni tó pè yín ní Abdulsalam létí sàárè. Ó ní gbogbo ayé lẹ máa ń sọ fún pé, "Ìyàwó mi ń bọ̀, ọmọ mi ń bọ̀." Nígbà tó pẹ́ tí wọn ò rí ẹnì kankan, wọ́n rò pé àwàdà olórin ni.

Bọ̀dá, igbe tí Ganiat ké lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ìyàwó èèyàn ńlá. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bí mi!" A bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí. Títí dòní, kò gbà.

Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo yín. Kí ayé gbọ́, kí ọ̀run gbọ́! Abdulsalam wa, bàbá Ọlọ́ládé, àárò yín ń sọ wá, a fẹ́ràn yín dọ́la. Òótọ́ lẹ sọ fún wọn. Ẹ níyàwó. Òun ni kò tètè dé.