Ohùn Ìyá Yín Tí Kò Gòkè

Kokomlemle, Accra,
Oṣù Keje, ọdún 2022.

Raqeebah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé, ìwọ, ọkọ rẹ àti ìkókó ọwọ́ rẹ. Mo lérò pé ara rẹ ti ń le lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, pé ọmú ń wá dáadáa, pé ọmọ náà sì ń sùn. Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí ohùn rẹ jọ ti ìyá rẹ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lórí fóònù, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ fi dá ọ lóhùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ohùn tí o ní kí Khàlíl fi ránṣẹ́ ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí àbúrò rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé, "Bàbá, bí Khàlíl kò bá fẹ́ fi ohùn Màmá ránṣẹ́, kó má pè mí mọ́." Ọmọ mi, kì í ṣe pé kò fẹ́. Àwọn ohùn náà ti ṣègbé.

O rántí pé nígbà tí àìsàn tó mú ìyá yín lọ bẹ̀rẹ̀, Khàlíl a máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, a gbé fóònù síwájú rẹ̀ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyá yín a sì máa sọ̀rọ̀. Ó ki oríkì ìdílé wa délẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe tẹ̀lé àǹtí rẹ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Accra, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ dúdú ní ọjà Makola, tí àwọn oníbàárà ń pè é ní "Alata", bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, títí ó fi ń jẹ́ ẹ bí orúkọ. Ó kọrin fún ọmọ tí o kò tíì lóyún rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àgbékẹ́ ni kí a máa kì í.

Kọ̀ǹpútà Khàlíl ti kún, nítorí náà ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, bí àpò tí a ń kó nǹkan pọ̀ sí, lórí dùráìfù, àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè gba ẹrù sí i. Ó tún fẹ́ kí wọ́n wà ní kíláòdù, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ìwọ náà lè máa gbọ́ wọn láti Ìlọrin. Ó fa àmì fódà náà sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kó nǹkan lọ sí kíláòdù. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí orúkọ tí ó fún un, "Ohùn Màmá", lókè níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Tèmi náà balẹ̀.

A lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Tema nígbà tí òjò ńlá rọ̀. Kí a tó dé, omi ti wọ yàrá Khàlíl, ó ti mu àpò tí dùráìfù wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Circle. Wọ́n ṣe é títí, kò jí. Síbẹ̀ Khàlíl kò mikàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù, ó wà lókè." Ó ṣí kíláòdù lórí fóònù lójú mi, ó tẹ ibi tí orúkọ ìyá yín wà. Kò sí ohun tó ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ó pa fóònù náà, ó tàn án, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Phoebe, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, ló wá bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó rí i, ó ní, "Due, due," bí àwọn Akan ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé inú fódà tirẹ̀ nìkan ni kíláòdù ń wò. Ohun tó bá wà lórí dùráìfù mìíràn, àfi kí ènìyàn dìídì sọ fún un pé kí ó máa mú un níbẹ̀. Ohun tí Khàlíl fà síbẹ̀ kì í ṣe fódà. Atọ́ka lásán ni, tó ń júwe ibi tí fódà wà. Atọ́ka náà ló gòkè. Ohùn ìyá yín kò kúrò nílẹ̀.

Raqeebah, ó dà bí ẹni pé a tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá kí wa. Mo gbìyànjú láti ki oríkì náà fúnra mi, kí n lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ. Mo dé àárín, n kò mọ èyí tó kàn. Ẹnu rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Khàlíl kì í sì í jókòó sí pálọ̀ mọ́. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yàrá ló ń wọ̀. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nígbà tó rò pé mo ń kírun.

Phoebe kò dẹ́kun wíwá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó rí ẹyọ kan tí fóònù fúnra rẹ̀ ti gbé lọ sí kíláòdù kí Khàlíl tó kó ìyókù sórí dùráìfù. Kì í ṣe oríkì, kì í ṣe orin. Ìyá yín ló ń sọ pé, "Khàlíl, gbé nǹkan yìí sílẹ̀, wá jẹun ná. Kẹ́ńkè ń tutù. Ṣé ohùn mi ń sá lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó parí síbẹ̀.

Ọmọ mi, òun ló jókòó tì í. Òun ló ń gbé omi fún un, tí ó sì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó pàdánù jù lọ ni o ń bínú sí yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyá yín nìkan ni ikú gbà lọ́wọ́ wa.

Ọlọ́run yóò dá Àgbékẹ́ sí fún ọ. Yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì fi ọwọ́ rere tọ́jú rẹ. Ìyá yín, Ọlọ́run yóò fẹ sàréè rẹ̀ lójú, yóò fi Al-Jánnà kẹ́ ẹ. Kí ọkọ rẹ fún mi dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń ro láti rí ọ,
Mísbáù Adéògún.

Àfikún: Mo mọ̀ pé o óò fẹ́ gbọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù yẹn. N kò ní in lọ́wọ́. Ọwọ́ Khàlíl ló wà. Òun ni kí o pè.