Ta Ni Yóò Máa Júwe Ọ̀nà fún Àpótí Ilé Wa?

Waheedat ọmọ mi,

Àwáwù ìyá yín kú ní ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Ṣáábáànì èṣí. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ náà wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbà wọ inú rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ilé tí o wà kò ní gbóná mọ́ ọ. Àwa náà dúpẹ́ ní Ìsẹ́yìn níbí. Òjò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣu ọ̀nà Ìpàpó ti hù, orúnkún mi ọ̀tún sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Sodiqat àbúrò rẹ ló ń kọ lẹ́tà yìí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún tèmi, kó má sì fo èyíkéyìí, kódà bí ọ̀rọ̀ bá kan òun gan-an.

O rántí bí ìyá yín ṣe máa ń jókòó síwájú ilé tó ń ká òwú. Àlejò tó bá ti Ìlerò tàbí Òtù wá ra aṣọ òfì, orúkọ ahunṣọ nìkan ló máa ń mú wá, kò mọ ilé, ìyá yín ni yóò sì bi. Wọn yóò ní Bàbá Ayọ̀tọ́lá làwọn ń wá, yóò ní èwo nínú wọn, ṣé èyí tó pupa ni àbí èyí tó máa ń bínú, yóò sì júwe ilé náà débi pé afọ́jú lè dé ibẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, oríta ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń padà, aṣọ tí Sodiqat hun sì wà nílé bí ó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú fóònù. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ ọ nígbà tó bá sùn, ó ní ṣọ́ọ̀bù náà kì í sùn. Ṣùgbọ́n láti ilé wa yìí, bó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ kó wo ẹni tó béèrè aṣọ, fóònù yóò máa yí, yóò máa yí, yóò wá ní òun kò rí ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti wá sọ fún mi pé bó bá rí báyìí títí Iléyá, òun yóò tú òfì òun, òun yóò kó o wá bá ọ ní Èkó. Mo ní kó lọ bó bá fẹ́ lọ. Ẹnu mi nìkan ló sọ ọ́.

Tàjúdéènì tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gáréèjì ló gbé àpótí funfun tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sílé wa. A ránṣẹ́ sí i, ó padà wá wò ó, ó ní àpótí kò ní àìsàn, ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún un ni kò mọ iṣẹ́, DNS lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń bi léèrè tó sì ń dáhùn, kí ló kù tí èèyàn ń ṣe? Ló bá fara balẹ̀ là á yé mi. Ó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan la máa ń tẹ̀ sínú fóònù, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé tó wà lórí ayélujára nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, DNS ló sì mọ nọ́ńbà ilé oníkálukú. Mo ní ó ti yé mi, Àwáwù ni. Tàjúdéènì ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, Ìyá ni.

Ohun tó wá di ọ̀ràn ni pé méjì ni DNS tí a lè yàn. Ọ̀kan bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, àwa kọ́ la yàn án. Ìtòsí ló wà, ṣùgbọ́n ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Bí èèyàn bá sì ṣi orúkọ tẹ̀, dípò kó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà mìíràn ni yóò mú un lọ. Ìyá yín náà ti fi ọ̀nà purọ́ rí, ó darí àwọn agbowó-orí sí gáà Fúlàní, ṣùgbọ́n tiwa ló ń ṣe. Eléyìí, ti ta ló ń ṣe? Ìkejì jẹ́ ti gbogbo ayé, òkè òkun ló wà, nọ́ńbà rẹ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ mẹ́jọ mẹ́jọ, ni wọ́n fi ń pè é. Mo ní ta ló sọ ọmọ lórúkọ báyẹn, Sodiqat ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀, kí ló ń jẹ? Tàjúdéènì ní ó kéré tán, yóò mọ gbogbo ibi tí a bá ń lọ. Mo ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́, ó ní òun náà mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí o máa bi ní ọ̀nà tí kò ní mọ ibi tí ò ń lọ. Èwo nínú wọn ni ẹnu rẹ̀ kò jò ni n kò mọ̀.

N kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Mo rò ó pé bóyá àìkí ló ń bí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú, nítorí Sodiqat kì í kí i, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Mo lọ bá àpótí, mo sàlámà sí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ọmọ yìí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi, ṣọ́ọ̀bù kò ṣí. Sodiqat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yìí, inú kò bí mi.

Tàjúdéènì wá fi ti gbogbo ayé sínú fóònù Sodiqat kí a lè wò ó. Ṣọ́ọ̀bù ṣí wàrà, a bá ìyá ìyàwó kan láti Ìbàdàn níbẹ̀ tó ti ń béèrè aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti máa ń wo dátà tó kù lọ́dọ̀ àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣí mọ́, nítorí àlejò kò mọ yàrá inú ilé onílé. Ọ̀nà kan là, ọ̀nà kan dí. Ó tún yọ ọ́, ó ní inú àpótí lòun yóò tẹ èyí tí a bá yàn sí, gbogbo ilé ni yóò sì tẹ̀ lé e, títí kan àwọn ayálégbé, nítorí náà baálé ni kó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn wá ń wo ẹnu mi.

Àpótí náà ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, nítorí náà bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ti òróró orúnkún mi kún un. Ọlọ́run yóò fi ìbùkún sí ibi tí o ti mú un. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, ìwọ kò ní ṣọ̀fọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣìnà láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́. Àmín.

N kò dá ẹjọ́ náà. Kì í ṣe pé kò yé mi. Ẹni tó ti mọ ibi tí òun fẹ́ kí ẹjọ́ já sí kò yẹ lẹ́ni tó ń dá a. Bí wọ́n bá ní òkúta ló ń júwe ọ̀nà, bó bá ti lè mú Sodiqat jókòó tì mí nínú ilé yìí, òkúta náà ni n óò mú. Ó ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí, mo ní kó gbé e, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé Èkó ló dára fún un, èmi kọ́ ni n óò mọ ìyẹn. Ìwọ ni àkọ́bí. Pè é, kì í ṣe èmi, kí o bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, lẹ́yìn náà kí o sọ fún Tàjúdéènì èyí tí yóò tẹ̀ sínú àpótí, tàbí kó má wulẹ̀ tẹ ìkankan. Ohun tí o bá sọ la ó ṣe. Mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Èmi bàbá rẹ.